Ẹ̀yin ará Chicago, níbo lẹ ti ń rí oúnjẹ Mẹ́síkò gidi jẹ?

Àdùkẹ́Uptown:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi kékeré, ìyẹn àbúrò bàálé mi, ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀, látìgbà tó ti gba físà ló ti ń sọ fún mi pé "Ìyàwó wa, taco ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún mi jẹ o", torí gbogbo ìgbà ló ń rí i lórí TikTok. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi gan-an ò tíì rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ilé oúnjẹ kan wà tí ò jìnnà sílé wa, wọ́n kun ibẹ̀ dáadáa, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, àmọ́ taco tí wọ́n gbé wá, èèpo ẹ̀ le gan, tẹ́ ẹ bá gé e jẹ báyìí á fọ́ yángá sínú àwo, ẹran lílọ̀ ni wọ́n rọ sínú ẹ̀, wàràkàṣì aláwọ̀ ìyeyè bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, ata ibẹ̀ ò ta rárá, owó gọbọi ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa. Ó dá mi lójú pé àwọn tó ni oúnjẹ yìí ò lè máa jẹ ẹ́ báyẹn nílé wọn. Ṣebí àwọn ará Mẹ́síkò kúnlẹ̀ bẹẹrẹ ní Chicago yìí, níbo làwọn fúnra wọn ń lọ jẹun?

Nǹkan méjì kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn o. Mùsùlùmí ni wá, ẹlẹ́dẹ̀ ò wọ ilé wa, ọkọ mi ò sì gbà kí wọ́n fi ọ̀rá ẹ̀ dáná fóun. Ẹ̀ẹ̀kejì, a ò ní mọ́tò báyìí, tréènì àti bọ́ọ̀sì la máa bá lọ. Ẹ ṣé o, mò ń retí yín.

BàbáṢínà_60:

Ìyàwó wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé, àlejò yín á gúnlẹ̀ láyọ̀. Ẹ lọ sí Little Village, àwọn fúnra wọn ń pè é ní La Villita, 26th Street gan-an ni kẹ́ ẹ bi. Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n mọ sójú títì tí wọ́n kọ "Bienvenidos a Little Village" sí lára, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn, láti ibẹ̀ títí lọ sápá ìwọ̀-oòrùn, ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, gbogbo ẹ̀ ti àwọn ará Mẹ́síkò, èdè Spéènì lẹ máa gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Bọ́ọ̀sì 60 ló ń gba ibẹ̀ láti àárín ìlú, ẹ ò ní rìn jìnnà.

Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn wa ni pé kí wọ́n má wo bí wọ́n ṣe kun ilé oúnjẹ, kí wọ́n wo àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ àti àsìkò tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ lọ láàárọ̀ Sunday nígbà tí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí bàbá, ìyá, màmá àgbà àtọmọ ọwọ́ tí wọ́n tò síta tí wọ́n ń dúró de àyè, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọlé. Òmíràn tún wà tí àwa èèyàn wa kì í fọkàn sí, àwọn ilé alápatà wọn, carnicería ni wọ́n ń kọ síwájú ẹ̀. Ẹran tútù ló wà níwájú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé lọ sẹ́yìn ẹ máa rí ibi ìdáná kékeré kan pẹ̀lú àga bíi mélòó kan, ẹran tí wọ́n ń tà níwájú yẹn náà ni wọ́n ń sun lẹ́yìn, kò lè má tutù yọ̀yọ̀. Ibẹ̀ lèmi ti ń jẹ taco ahọ́n màlúù, lengua lorúkọ ẹ̀, wọ́n á sè é títí táá fi rọ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á bu àlùbọ́sà àti ewé silántírò tútù lé e, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó parí. Kò sí wàràkàṣì, kò sí lẹ́tùsì.

Èèpo taco tẹ́ ẹ sọ yẹn, àwọn ará Amẹ́ríkà ló fẹ́ràn èyí tó le gan báyẹn. Tortilla, ìyẹn èèpo taco táwọn ará Mẹ́síkò ń lò, rọ̀, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á se àgbàdo gbígbẹ pẹ̀lú láìmù, kì í ṣe ọsàn o, nǹkan funfun táwọn bíríkìlà ń lò yẹn ni mò ń sọ, wọ́n á fi sílẹ̀ sínú omi ẹ̀ mọ́jú, ilẹ̀ mọ́ wọ́n á fọ èèpo ẹ̀ dànù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun ẹ̀ lè so pọ̀ tí kì í fi í tú, òun ló sì ń fún un ní òórùn yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí obìnrin tó ń fọwọ́ gba ìyẹ̀fun yẹn pẹrẹsẹ tó ń jù ú sórí irin gbígbóná, ẹ dúró wò ó díẹ̀, tó bá yí i lẹ́ẹ̀kejì táá ṣàdédé wú bí ìgbà téèyàn fẹ́ atẹ́gùn sí bàlúù, olúwa ẹ̀ mọṣẹ́. Ẹ jẹun níbẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_18th:

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé Pilsen o. Ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé Pilsen ti bàjẹ́ torí owó ilé ti lọ sókè tí ọ̀pọ̀ ìdílé Mẹ́síkò sì ti kó kúrò, òótọ́ ni, ó dun èmi náà torí ibẹ̀ ni mò ń gbé, mo mọ àwọn tó kó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Carnitas Uruapan wà lórí 18th Street látọdún 1975, àwọn ará ìpínlẹ̀ Michoacán ní Mẹ́síkò ni wọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń dín nínú ọ̀rá ara ẹ̀, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n wọn pọ́ùn kan fún yín wọ́n á bi yín bóyá ẹran nìkan lẹ fẹ́ àbí kí wọ́n pò ó mọ́ awọ. Mo mọ̀ pé àǹtí Àdùkẹ́ ò lè jẹ ẹ́, ẹlòmíràn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ ẹ́, ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn.

Àǹtí, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kì ọkọ yín kékeré nílọ̀ lé lórí rèé. Ó máa rí ẹran pupa kan tó wà lórí irin tó dúró ṣánṣán tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ọ̀pẹ̀ òyìnbó á wà lókè ẹ̀, ó máa rò pé shawarma ni. Àwọn ará Lẹ́bánónì ló gbé ọgbọ́n ẹran yíyí yẹn dé Mẹ́síkò lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó débẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe é. Al pastor lorúkọ ẹ̀. Kó má lọ fìwàǹwára sọ pé èyí lòun fẹ́ o.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé Pilsen, ẹ wọ tréènì Red Line dé àárín ìlú, kẹ́ ẹ bọ́ sí Pink Line, ẹ sọ̀ ní 18th. Ẹ mú àlejò wọ National Museum of Mexican Art náà, òpópónà tó tẹ̀ lé e ló wà, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

ÌyáKàmíl_Olóúnjẹ:

Àṣàlámù àlékún gbogbo ilé. Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọ̀rá yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ torí òun ló ń kó àwa Mùsùlùmí sí páńpẹ́. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọrùn láti yẹra fún, ó hàn sójú. Ọ̀rá ẹ̀ ni kì í hàn. Manteca ni wọ́n ń pè é, inú ẹ̀wà tí wọ́n gún kúnná tí wọ́n máa ń bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ló sábà máa ń wà, òun náà ni wọ́n sì fi ń po ìyẹ̀fun tamal, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pọ́n sínú háhá àgbàdo. O lè ra tamal aláta àti wàràkàṣì tí ò ní ẹran kankan nínú kó o rò pé o ti bọ́, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sì ń bẹ nínú ìyẹ̀fun ẹ̀. Torí náà kó o tó ra ohunkóhun, bi wọ́n pé "¿Tiene manteca?", wọ́n á dá ọ lóhùn, àwọn tó ń lo òróró lásán wà, inú wọn sì máa ń dùn láti sọ fún ọ. Tortilla alágbàdo ò ní ọ̀rá nínú, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe ló lè ní in, kó o béèrè tìyẹn náà.

Ẹran màlúù àti adìẹ ibẹ̀, mi ò lè bá ẹ sọ pé wọ́n dúńbú ẹ̀ lọ́nà tiwa, ìwọ àti bàálé ẹ lẹ máa pinnu ìyẹn. Èmi ní tèmi, ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja àti edé ni mò ń lọ, mariscos ni wọ́n ń kọ sára ògiri ẹ̀. Àwọn ará Nayarit, ìpínlẹ̀ kan tó wà létí òkun ní Mẹ́síkò, ní irú ilé oúnjẹ báyìí káàkiri Chicago. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní pescado zarandeado, odindi ẹja ni, wọ́n á là á láti ẹ̀yìn kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi ata pa á lára dáadáa, wọ́n á wá yan án lórí iná. Wọ́n á gbé e wá lórí àwo gbọọrọ kan, tortilla lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, gbogbo yín á fọwọ́ já a jẹ. Àlejò láti Ìbàdàn, kí ló tún ń wá! Bèèrè pé kí wọ́n fún yín ní ata habanero, ata rodo ni ọmọ ìyá ẹ̀, ìyẹn á ta á lẹ́nu débi tó fẹ́. Kó o sì ra agua de jamaica fún un mu, òdòdó ìṣapá pupa tá a fi ń ṣe zobo náà ni, á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹran ló ṣáà fẹ́, ra ẹran halal ní Devon Avenue, kò jìnnà sí yín, kó o ra tortilla El Milagro, Chicago níbí ni wọ́n ti ń ṣe é, ó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìdìpọ̀ ẹ̀ ò wọ́n. Gé ẹran ẹ tẹ́ẹ́rẹ́, fi ọsàn wẹ́wẹ́, áyù, kúmínì àti iyọ̀ pa á, jẹ́ kó mu ún fún wákàtí bíi méjì, din ín nínú agbada tó gbóná gan-an. Tortilla ẹ, má fi sí máíkíróweéfù o, orí irin gbígbẹ ni kó o ti yí i títí táá fi ní àmì dúdú díẹ̀díẹ̀, kó o wá fi aṣọ mímọ́ wé e kó má baà gan.

Tọ́lá_ClarkStreet:

Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wọ Red Line lọ sókè, ẹ sọ̀ ní Morse, ẹ rìn lọ sí Clark Street, Rogers Park nìyẹn. Búkà Mẹ́síkò pọ̀ níbẹ̀, ilé búrẹ́dì wọn wà níbẹ̀, àwọn ìdílé wọn ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù. Devon tí màmá sọ náà, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni. Kò gbajúmọ̀ bíi 26th ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń ti Uptown tẹ́ ẹ wà bọ̀, kó tó ogún ìṣẹ́jú ẹ ti débẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kó jẹ àgbàdo ojú títì, elote. Wọ́n á fi máyọ́nísì pa á lára, wọ́n á da wàràkàṣì lílọ̀ àti ata gbígbẹ lé e. Ó dùn ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Kúnlé_Archer:

Ṣé kò sẹ́ni tó máa dárúkọ birria ni? Ẹran ewúrẹ́ o! Birrieria Zaragoza, orí Pulaski, lápá Archer Heights, àwọn ará La Barca ní ìpínlẹ̀ Jalisco ni wọ́n. Wọ́n á fi ooru se ewúrẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á wá fi ata kùn ún lára, wọ́n á tún yan án díẹ̀ kí ara ẹ̀ lè gbẹ, wọ́n á gé e sínú abọ́, wọ́n á da omi ọbẹ̀ tòmátì lé e. Èmi máa ń ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó ní egungun. Orange Line ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ sọ̀ ní Pulaski. Birria màlúù tí wọ́n ń rì bọ omi ọbẹ̀ lórí TikTok yẹn ò burú, ṣùgbọ́n ti ewúrẹ́ lèmi mọ̀ sí birria. Ọ̀rọ̀ dúńbú tí màmá sọ, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó jókòó.

Àdùkẹ́Uptown:

Áà, ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa fún gbogbo yín ṣe. Màmá Kàmíl, ẹ ṣeun mà, n ò mọ̀ rárá pé ọ̀rá máa ń wà nínú ẹ̀wà yẹn. Bàálé mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó ní ẹja yíyan la máa kọ́kọ́ jẹ, ọjọ́ kejì la máa lọ sí Clark Street pẹ̀lú Devon, ká wá dáná nílé. 26th Street á di Sunday. Ìbéèrè kan ló kù. Ọkọ mi kékeré fẹ́ràn ṣàkì ju ẹran lọ, ṣé wọ́n ń jẹ ṣàkì?

BàbáṢínà_60:

Wọ́n ń jẹ ẹ́ dáadáa. Menudo ni kẹ́ ẹ bèèrè, ọbẹ̀ ata pupa ni, ṣàkì ló kún inú ẹ̀, àwọn kan ń fi bọ̀kọ́tọ̀ sí i. Sátidé àti Sunday nìkan ni ọ̀pọ̀ ń sè é, àárọ̀ sì ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ibòmíràn ọ̀sán ò tíì pọ́n tó ti tán. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọ̀rá àti dúńbú bí màmá ṣe wí, kẹ́ ẹ sì mú owó lọ́wọ́ o, ìyàwó wa, àwọn kan lára wọn ò gba káàdì.