Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Shadow of the Erdtree: Rellana ti fẹ́ mú kí géèmù yìí sú mi

Aláìsùn
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Kíkà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sábà dá sí i. Ṣùgbọ́n èyí ti ká mi láyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Láti ìgbà tí Elden Ring ti jáde ní 2022 ni mo ti ń gbá a, mo sì ti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Malenia, boss (olórí ọ̀tá) tí gbogbo ayé ń sá fún, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi fojú mi rí màbo, ṣùgbọ́n mo borí rẹ̀, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni ràn mí lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo fọwọ́ kan ọwọ́ gbígbẹ Miquella ní ààfin Mohg tí mo bọ́ sí Ilẹ̀ Òjìji, ibi tí Shadow of the Erdtree, àfikún Elden Ring, ti ń ṣẹlẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Level 160 ni mo wà. Idà mi ti dé òkè téńté, kò sí ibi tó tún lè gùn sí.

Àwọn ọmọ ogun tí mo kọ́kọ́ pàdé, àwọn tí kò tilẹ̀ lórúkọ, bí wọ́n bá ti gbá mi lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti kú nìyẹn. Mo ní bóyá ilẹ̀ náà ṣì ṣàjèjì sí mi ni. Mo gun Torrent, ẹṣin mi, mo sáré la Gravesite Plain kọjá, mo wọ Castle Ensis, mo bá Rellana, boss ibẹ̀. Òní ló pé òru márùn-ún.

Obìnrin yìí kì í jẹ́ kéèyàn mí. Idà méjì ló ń lò. Bí o bá yẹ̀ fún tọ̀tún, tòsì ti dé ọrùn rẹ. Nígbà tí o bá sì rò pé o ti ń mọ ọwọ́ rẹ̀, idà kan á gbiná, èkejì á máa tàn bí òṣùpá, gbogbo ohun tí o ti kọ́ á tún dà rú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì bá a dé ibẹ̀ yẹn.

Ikú kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí àṣìṣe mi. Ní gbogbo ìgbà tí Malenia bá pa mí, mo máa ń mọ ohun tí mo ṣe. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo ń fi igi lu àpáta.

Mo ti ka ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa àfikún yìí, ó sì túbọ̀ dà mí láàmú. Àwọn kan ní àwọn ò tíì gbá ohun tó dùn tó o rí. Àwọn mìíràn ní ìyà lásán ni, wọ́n kàn kó agbára fún boss ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n padà lọ bá Rennala, kí n pín agbára mi lọ́tun? Ṣé kí n máa pe ẹ̀mí tó lè bá mi jà ni? Àbí kí n pa á tì? Mi ò fẹ́ pa á tì, mo fẹ́ràn géèmù yìí gan-an.

Ìyá Ìbejì
Scadutree Blessing rẹ, mélòó ni?

Aláìsùn
Ẹ̀gbọ́n, méjì ni. Mo rí ẹyọ kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo tún rí òmíràn, mo lò wọ́n. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ wá a.

Ìyá Ìbejì
Ha! Àbúrò mi, má pa nǹkan kan tì o. Ọ̀rọ̀ ti yanjú tán.

Gbọ́, level 160 tí o gbé wá láti òkè yẹn, ìyẹn ilẹ̀ Elden Ring àkọ́kọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tó ń ṣe níbí. Ilẹ̀ Òjìji ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Scadutree Fragment ni wọ́n fi ń gbé e sókè, ipele 20 ló ní, fragment 50 ló sì wà káàkiri ilẹ̀ náà tí èèyàn fi lè dé ibẹ̀. Ipele kọ̀ọ̀kan ń fi kún agbára tí o fi ń lu ọ̀tá, ó sì ń dín ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọ́ kù bí wọ́n bá lù ọ́. Bí o bá padà sókè, kò ní ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ nìkan ló wà fún. Ti àwọn ẹ̀mí tí o ń pè náà wà lọ́tọ̀, Revered Spirit Ash lórúkọ tiwọn, ìpele 10 lèyí ní.

Ṣé o rí i pé ìpele méjì kò tó nǹkan kan? O bọ́ sójú ogun láìwọ ẹ̀wù irin. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ kò dá.

Níbo ni wàá ti rí wọn? Gbogbo ibi tí o bá ti rí àgbélébùú Miquella tó ń tàn, yà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní fragment lẹ́bàá wọn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí ère Marika wà, wọ inú wọn. Bákan náà, bí o bá rí òjìji kan tó gbé ìkòkò rù tó kàn dúró láìbá ẹnikẹ́ni jà, má fojú fò ó. Pa á. Ohun tí o ń wá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ irú wọn kọjá kí ẹnì kan tó sọ fún mi.

Adákẹ́jà
Mo kí Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí á gba ti Aláìsùn rò náà, torí bí ẹnikẹ́ni bá ti ráhùn lórí àfikún yìí, kíá ni wọ́n máa ń sọ pé òun ni kò mọ̀ ọ́n gbá.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde, 21 oṣù kẹfà 2024. Àwọn oníròyìn géèmù ti fún un ní máàkì tó ga gan-an. Àmọ́ nígbà tí àwa tí a ra á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èrò wa sórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà, “Mixed” (èrò kò ṣọ̀kan) ló kọ síbẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun méjì ló fà á. Àwọn kan ń sọ pé ó le kọjá ààlà, àwọn mìíràn ń sọ pé kò lọ geere lórí kọ̀ǹpútà àwọn, ó ń kọsẹ̀ láàárín ìjà. Èèyàn lè mọ géèmù gbá dáadáa kó sì sọ èyí kejì yẹn. Wọn ò yẹ kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́.

Èyí tó wá kan ọ̀rọ̀ Aláìsùn gan-an ni pé àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn tún un ṣe. Ní 26 oṣù kẹfà, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tó jáde, wọ́n gbé àtúnṣe wá tó mú kí ìdajì àkọ́kọ́ Scadutree Blessing lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, àtúnṣe 1.14 bu agbára boss ìkẹyìn kù. Mi ò ní dárúkọ boss náà, kí n má bàa ba adùn jẹ́ fún un. Bí ìráhùn bá jẹ́ ariwo lásán, kí ni wọ́n tún ṣe?

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí agbára téèyàn nílò láti jà fara sin sí kọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ìjà ju ìrìn kiri lọ, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ojú Lalákàn
Adákẹ́jà, mo gbọ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi rò pé wọ́n rò ó dáadáa.

Kí èèyàn tó lè wọ àfikún yìí, àfi kó kọ́kọ́ pa boss méjì, Starscourge Radahn àti Mohg. Wàá rí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà yẹn ní level 90, wàá rí ẹni tó dé ibẹ̀ ní 250. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe boss kan ṣoṣo tí yóò bá àwọn méjèèjì mu? Bí wọ́n bá fi ti ẹni 250 ṣe é, ẹni 90 ò ní lè ta pútú. Bí wọ́n bá fi ti ẹni 90 ṣe é, ẹni 250 á gbá a lẹ́ẹ̀mejì pa, á ní òun fi owó òun ṣòfò. Òṣùwọ̀n tuntun yìí ni wọ́n fi mú kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo ti gbá Artorias of the Abyss ní 2012, mo gbá The Old Hunters ní 2015. Inú iná ni wọ́n ń gbé èèyàn sí lójú ẹsẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí fragment kankan tó lè gbà ọ́. Èyí ni mo rí tó fún èèyàn ní ọ̀nà àbáyọ tó hàn kedere.

Ohun tí mo gbà pẹ̀lú rẹ ni pé wọn ò ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló jáde lójú fèrèsé nígbà tí o bá mú àkọ́kọ́, tí o bá ti tẹ bọ́tìnì kọjá, ó parí.

Akọ́dà
Mi ò ka fragment kankan sí nígbà tèmi, mi ò sì pe ẹ̀mí. Ìpele 3 ni mo fi pa Rellana. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá pe Mimic Tear, ẹ̀mí tó ń dà bí ẹni tó pè é, kò tíì pa boss.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀nà Jíjìn
Akọ́dà, mo kí ọ fún iṣẹ́ ńlá yẹn, kò rọrùn rárá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, mi ò lè jẹ́ kó kọjá.

Ọwọ́ mi kì í yára mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìka méjì ló máa ń ro mí bí mo bá ti di pad mú ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀mí ni mo fi parí àfikún yìí, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí Messmer, boss ńlá inú rẹ̀, ṣubú, mo dìde dúró nínú yàrá, ojú mi kún fún omi. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé mi ò pa á. Àwọn tó ṣe géèmù ló fi agogo tí a fi ń pe ẹ̀mí sínú rẹ̀, kì í ṣe pé mo jí i.

Aláìsùn, ní ti ọ̀rọ̀ Rellana gan-an: kí o tó wọlé, wo ilẹ̀ dáadáa, wàá rí àmì tí o lè fi pe Needle Knight Leda. Pè é. Nígbà tí Rellana bá ń bá a jà, ìwọ á ráyè mu ìgò rẹ. Nígbà tó bá fò sókè pẹ̀lú òṣùpá méjèèjì, tó ń já wálẹ̀, má yí ara rẹ nílẹ̀. Fò ni kí o fò, ìgbì kọ̀ọ̀kan ni kí o fò kọjá. Èyí nìkan ló pa mí nígbà mẹ́wàá. Bí ìwọ náà kò bá lè máa yẹ̀ kíákíá, mú asà ńlá dání pẹ̀lú ọ̀kọ̀, kí o máa gún un láti ẹ̀yìn asà. Kò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Akọ́dà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò ro ti ìyẹn. Mo fà á sẹ́yìn.

Ọmọ Onídà
Ní ti pípín agbára lọ́tun, mi ò rí ìdí rẹ̀ báyìí. Má tíì fi Larval Tear, ohun tí wọ́n ń ná fún un, ṣòfò. Oríṣi ohun ìjà tuntun mẹ́jọ ló wà nínú àfikún yìí, kó o tó pinnu irú ẹni tí o fẹ́ jẹ́, fọwọ́ kàn wọ́n ná. Milady, idà ńlá tó fẹ́lẹ́ yẹn, inú Castle Ensis tí o sáré gbà kọjá yẹn ló wà, nínú àpótí. Padà lọ mú un. Àtìgbà tí mo ti mú un, mi ò fi lẹ̀ mọ́.

Ẹ tún rántí pé àfikún yìí wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún géèmù tó dára jù lọ lọ́dún 2024 ní The Game Awards, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Astro Bot ló gbà á. Títí di òní, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣì ń jà lórí bóyá ó yẹ kí àfikún bá odindi géèmù du ipò.

Ìyá Ìbejì
Ìyẹn yẹ kó ní ojú ewé tirẹ̀, Ọmọ Onídà. Ẹ jẹ́ ká mójú tó ẹni tó wá bá wa ná.

Aláìsùn, Belurat ńkọ́? Ṣé o ti débẹ̀?

Aláìsùn
Rárá o. Mo rí ìlú náà lókèèrè, mo kọjá lọ.

Ìyá Ìbejì
Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lọ. Ìlú gidi ni, òrùlé lórí òrùlé, ọ̀nà tó lọ kó tún yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kìnnìún oníjó ló wà lókè rẹ̀, Divine Beast Dancing Lion. Ó le, àmọ́ òun gan-an ló yẹ kó jẹ́ boss àkọ́kọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà, bá odò Ellac lọ sí ìsàlẹ̀, ní ìhà gúúsù. Má bi mí léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Lọ fojú ara rẹ rí i.

*Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà*

Aláìsùn
Ẹ̀yin ará, mo ti dé. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìpele 5 ni mo wà báyìí. Mo ti pa Kìnnìún náà, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo bá a jà, ní gbogbo ìgbà tó pa mí ni mo sì mọ ìdí tí mo fi kú. Ohun tí mo pàdánù gan-an nìyẹn, ó ti padà wá. Àwọn ọmọ ogun tó ń gbá mi lẹ́ẹ̀mẹta pa, ẹ̀rù wọn ò bà mí mọ́.

Ìyá Ìbejì, mo bá odò náà lọ. Mo bọ́ síta, mo rí òdòdó aláwọ̀ aró tó tẹ́ rẹrẹ títí dé etí òkun. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí Torrent, mo kàn ń rìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún já sí ibì kan tí òdòdó tibẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, tí ibojì wà láàárín wọn. Mo ti fẹ́ fi géèmù yìí sílẹ̀ láìrí ibẹ̀. Nígbà tí mo rò ó, àyà mi já.

Adákẹ́jà, mo ṣì gbà pẹ̀lú rẹ pé ó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òru márùn-ún mi ò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìyà lásán ni àfikún yìí, mi ò ní gbà fún un mọ́.

Mi ò tíì padà sọ́dọ̀ Rellana. Mi ò kánjú, ó ń dúró dè mí.

Ìbéèrè kan ló kù. Òmìrán oníná tó ń rìn kiri nínú Gravesite Plain, èyí tí iná wà lórí rẹ̀ bí apẹ̀rẹ̀, báwo ni ẹ ṣe ń pa á? Ìtẹ̀ kan ló fi ń pa èmi àti Torrent.

Adákẹ́jà
Inú mi dùn sí i, arákùnrin. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o dojú kọ. Máa gun Torrent yí i ká, gbá ẹsẹ̀ kan, sá kúrò. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ sókè, máa múra láti fò, kí iná tó ń jáde nílẹ̀ má bàa bá ọ. Bí o bá ti gbá a tó, yóò ṣubú, ìgbà yẹn ni kí o gún un ní ojú. Ṣùgbọ́n bí o bá rí èyí tó fi irin bo ẹsẹ̀, má fi àkókò ṣòfò nílẹ̀. Wá ibi gíga, kí o ju Hefty Furnace Pot, ìkòkò iná, sínú apẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ láti òkè.