Ṣé Surf Green ni Jazzmaster yìí, àbí Sonic Blue tó ti pa àwọ̀ dà?

Onígìtá Peckham: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Gìtá iná kan, Fender Jazzmaster, ni wọ́n gbé wá fún títà. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ fi L bẹ̀rẹ̀, 4 APR 63 B ni wọ́n tẹ̀ sí ìdí ọrùn rẹ̀, 304 6310 ló wà lẹ́yìn póòtù fólúùmù, ìyẹn ohun tí a ń yí láti mú ohùn gòkè; gbogbo rẹ̀ bá ọdún 1963 mu. Ẹni tó ń tà á ní Surf Green, gíríìnì Fender, ni àwọ̀ rẹ̀, kì í ṣe Sonic Blue, búlúù wọn. Lóòótọ́, ara àti orí ń ṣe bí ewé, àmọ́ níbi tí apá máa ń ha gìtá, ó ń ṣe búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún yọjú wo ihò kan, mo rí yẹ́lò nínú rẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí owó tó jáde lọ́wọ́?

Baba Ọlọ́dà: Ẹ má tíì pe ẹni tó ń tà á lónírọ́. Fánìṣì ló ń tan ojú yín jẹ. Ọ̀dà mọ́tò DuPont ni Fender ń lò nígbà náà: Duco tó jẹ́ nitrocellulose, àti Lucite tó jẹ́ acrylic. Sonic Blue ni Duco 2295, àwọ̀ Cadillac ọdún 1956. Surf Green ni Duco 2461, àwọ̀ Chevrolet ọdún 1957. Bí wọ́n bá fín àwọ̀ tán, wọ́n á fín nitrocellulose tí kò láwọ̀, ìyẹn fánìṣì, lé e kó lè máa dán. Ìyẹn gan-an ló máa ń di yẹ́lò bó bá ti ń pẹ́. Yẹ́lò lórí búlúù, kí ni ìbá tún bí bí kò ṣe gíríìnì?

Ibi tí apá ha yẹn ti sọ tẹnu rẹ̀. Fánìṣì ti jẹ níbẹ̀, ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ ló yọjú. Ká ní Surf Green ni, gíríìnì tó mọ́ ju ti ìyókù lọ lẹ ò bá rí, kì í ṣe búlúù. Ohun kan náà ló ń sọ Olympic White di àwọ̀ bọ́tà, tí àwọn èèyàn á wá máa pè é ní kírímù.

Ìyá Okùn Mẹ́fà: Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ ṣí ike ojú rẹ̀, ìyẹn pickguard. Síkúrúù mẹ́tàlá ló dè é. Ẹ tú okùn sílẹ̀ ná, ẹ gbé bridge, irin tí okùn gùn lé, kúrò nínú ife méjèèjì tó jókòó sí, kì í ṣe ohun tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Pickup, ìyẹn ohun tó ń gbọ́ ìró okùn, ò ní bá ike yẹn gòkè, torí ara igi ni síkúrúù tirẹ̀ wọ̀. Àmọ́ póòtù àti súwíìṣì á bá a gòkè, wáyà ilẹ̀ sì wà tí wọ́n jó mọ́ abọ́ idẹ inú ihò, ẹ má fà á.

Ẹ rọra o. Celluloid ni ike ìgbà yẹn, ó máa ń sún kì, ó sì máa ń là lẹ́bàá síkúrúù. Bí ẹ bá tú síkúrúù mẹ́tàlá tán tí kò gbéra, ẹ má fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ, ẹ wò ó bóyá síkúrúù kan ṣẹ́ kù.

Ìta gbangba ní ibi ìbòòji lẹ ti máa wò ó, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, káàdì eérú tí àwọn ayàwòrán ń lò ni kí ẹ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bébà A4 ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ kó funfun bí ẹni pé ó ní búlúù nínú, ó lè ba ìwọ̀n àwọ̀ jẹ́.

Ọmọ Ọlọ́ọ̀jà: Yẹ́lò inú ihò ni tèmi. Wọ́n ti tún gìtá yẹn kùn. Sunburst, yẹ́lò láàárín tó ń ṣú lọ sétí, ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó gé owó rẹ̀ sí ìdajì.

Àgbà Kafinta: Rárá o, ẹ má yára. Fender fúnra wọn máa ń fín àwọ̀ lé ara tí wọ́n ti kùn ní sunburst tẹ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń fi yẹ́lò kun igi kí wọ́n tó dí ojú rẹ̀. Yẹ́lò nìkan ò jẹ́rìí sí nǹkan kan. Àárín yẹ́lò àti búlúù ni kí ẹ wò, níbi tí ọ̀dà ti ṣí díẹ̀ létí ihò. Bí ẹ bá rí ìlà sáńpépà, ìdọ̀tí, tàbí ojú tí lílò ti jẹ kí wọ́n tó fín búlúù lé e, ẹlòmíì ló kùn ún. Bí yẹ́lò náà bá mọ́ tónítóní, tí ọ̀dà sì fẹ́lẹ́, ó lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́.

Ẹ wá ihò ìṣó pẹ̀lú. Wọ́n máa ń kan ìṣó kéékèèké sójú gìtá kí ó lè dúró lórí rẹ̀ bí wọ́n bá dojú rẹ̀ délẹ̀ láti fín ẹ̀yìn. Bí ọ̀dà bá gbẹ tán, wọ́n á fa ìṣó yọ, nítorí náà inú ihò yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ igi lásán. Bí ọ̀dà bá ti ṣàn wọ inú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé fífín kejì ni. Ẹ tún wo ibi tí ọrùn ń wọ̀: ní àwọn ọdún yìí wọ́n ń fi síkúrúù de igi kan mọ́ ibẹ̀ láti fi di gìtá mú, ojú ibi tí igi náà jókòó kì í gba ọ̀dà.

Ti orí tó bá ara mu dára. Jazzmaster tí wọ́n fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ kùn ní 1963, orí rẹ̀ sábà máa ń bá a mu.

Baba Ọlọ́dà: Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń mọ owó ayédèrú tàn án nínú òkùnkùn. Fánìṣì àtijọ́ á tàn bíi wàrà tó ní gíríìnì díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ á ṣú dúdú bí àbùlẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ fi owú tín-ín-rín tó ní acetone, kẹ́míkà tó ń yọ́ ọ̀dà, kan ibi kékeré kan lábẹ́ ike, níbi tí ojú ò lè dé. Nitro àti acrylic á rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rọ̀, ọ̀dà òde òní ni. Naphtha, epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, lẹ máa fi nu ìdọ̀tí. Ẹ má jẹ́ kí acetone kan ojú gìtá láé.

Onígìtá Peckham: Mo ti ṣí i. Lábẹ́ ike, búlúù ni, ó fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó fẹ́ dà bíi funfun, kò sí ohun tó ń dán bí ekuru irin nínú rẹ̀. Ihò ìṣó mẹ́ta, igi lásán ni inú wọn. Ojú igi hàn níbi tí ọrùn ń wọ̀. Kò sí ìlà sáńpépà. Tọ́ọ̀ṣì tàn án dọ́gba, àfi ojú kékeré kan lẹ́bàá jáàkì tó ṣú.

Ìyá Okùn Mẹ́fà: Sonic Blue nìyẹn. Kò ní ekuru irin, nítorí náà kì í ṣe Lake Placid Blue, búlúù Fender tó ní in. Daphne Blue, búlúù Fender mìíràn, ì bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ò ní rò ó sí funfun. Ojú tó ṣú lẹ́bàá jáàkì, wọ́n tún un ṣe ni, ẹ fi bá a dúnàá-dúrà.

Baba Ọlọ́dà: Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pólíìṣì ha yẹ́lò yẹn kúrò kí ó lè padà di búlúù. Fánìṣì yẹn fẹ́lẹ́, ìgbà tí ẹ máa rí búlúù, ẹ ti fẹ́ dé igi. Bí ẹ bá fẹ́ dí ojú ibi jáàkì, abẹ́ ike ni kí ẹ ti wọn àwọ̀, kí ẹ fi yẹ́lò díẹ̀ sí fánìṣì tí ẹ máa fín lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú yẹn á kàn jẹ́ búlúù láàárín gíríìnì.