Èsì rèé o: abẹ́rẹ́ EBUS ló tú àṣírí kókó àyà yèyé mi

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: mo béèrè lọ́wọ́ yín ohun tó kù láti ṣe nígbà tí CT scan (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) fi kókó hàn láyà yèyé mi l'Ádó-Èkìtì, tí kámẹ́rà tí wọ́n kì bọ ọ̀nà èémí kò rí nǹkan kan.

EBUS, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí ultrasound (ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú ara) ń tọ́ sọ́nà láti inú ọ̀nà èémí, ló ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ògiri ọ̀nà èémí ni kókó náà wà, kámẹ́rà lásán kò lè rí i. Abẹ́rẹ́ gún ògiri náà já. Ohun tó fà jáde rí bí òwú pupa lórí gíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n gún un tó ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó wo ohun tí wọ́n fà jáde lójú ẹsẹ̀ kàn sọ pé ó tó fún àyẹ̀wò ni. GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ife, ló dárúkọ àrùn: ikọ́ ife, kì í ṣe jẹjẹrẹ! Ẹ ṣeun gan-an.

Oògùn oṣù mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó ku kí a tún ya fọ́tò àyà rẹ̀, ká mọ̀ bóyá kókó náà ń súnkì.