Èsì lórí “àìdàgbà ìgbà òtútù”: ẹ yọ àì- yẹn kúrò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Iléṣà dábàá lánàá pé “àìdàgbà ìgbà òtútù” ni kí á máa pe ohun tí igi ilẹ̀ òyìnbó ń ṣe nígbà tí yìnyín bá dé, bó ṣe ń dá ìdàgbà dúró títí òtútù yóò fi lọ (“dormancy” lédè òyìnbó). Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló wo ilé igi yìí?

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àì- yẹn ni mo ń bá jà. Àìsàn, àìlera, àìgbọ́n, àìtó. Ẹnìkan ti fi “àìkú ni baálẹ̀ ọrọ̀” dá mi lóhùn, pé àì- tibẹ̀ dára. Ó dára lóòótọ́, torí pé ikú tó lé lọ ni kò dára. Ìdàgbà ńkọ́? Ẹ lọ bá ìyá ọlọ́mọ kan ní Sábó níbí, kí ẹ kí i kú àìdàgbà ọmọ, kí ẹ wá ròyìn ohun tí ojú yín rí.

Igi náà ò jókòó lásán. Ewé rẹ̀ ń ṣọ́ gígùn òru. Phytochrome, èròjà inú ewé tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń tètè ṣú. (Láti 1920 ni Garner àti Allard, àwọn onímọ̀ ewéko, ti fi tábà hàn wá ní Amẹ́ríkà pé gígùn ojúmọ́ ni ewéko fi ń mọ ìgbà tí yóò yọ òdòdó.) Ní Lọ́ńdọ̀nù, ojúmọ́ ìgbà ooru máa ń lé ní wákàtí 16, nígbà òtútù, kì í pé 8. Kí òtútù tó le, igi ti fa nitrogen (èròjà tó ń bọ́ ewéko) inú ewé padà sára, ó ti dí ìdí ewé kí ó lè já láìdá ọgbẹ́ sílẹ̀, ó ti fi ìpẹ́ bo ojú tí ewé tuntun yóò ti yọ, ó sì ti kó ṣúgà jọ sára kí omi inú rẹ̀ má baà tètè dì. Èyí ni àìdàgbà?

“Oorun igi” tí àbúrò wa obìnrin mú wá sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kì í fàmì sórí ọ̀rọ̀, ẹ mọ ara yín: ẹnìkan á kà á sí oòrùn, ẹlòmíràn á kà á sí òórùn. Bẹ́ẹ̀ oòrùn gan-an ló fa ọ̀rọ̀! Àti pé ẹni tó ń sùn, bí a bá fọwọ́ tọ́ ọ, á jí. Igi ápù kì í jí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń fẹ́ òtútù tí kò ju ìwọ̀n 7 Celsius lọ fún nǹkan bíi wákàtí 800 sí 1,000. Bí iye yẹn kò bá tíì pé, kí ooru mú lójijì ní December, kò ní dá a lóhùn.

Ìkóraró ni tèmi. Ẹni tó kóra ró, agbára wà lára rẹ̀, ó mọ̀ pé kò tíì yá ni. Bàbá tó bí bàbá mi bá àwọn agbégilódò ṣiṣẹ́ ní igbó Ifẹ̀tẹ̀dó. Wọn kì í pe arère tó wọ́wé nígbà ọyẹ́ ní òkú igi. “Ó ń kóra ró de òjò” ni wọ́n máa ń wí. Òótọ́ ni pé ohun tó ń lé arère, àràbà àti ìrókò wa yàtọ̀, torí ní Ifẹ̀ níbí, ojúmọ́ tó gùn jù kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Àìrómi ni tiwọn (àì- yẹn tọ́ síbẹ̀). Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gba méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ò tíì dáhùn ti àì-. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jà pé Ìjẹ̀ṣà kì í sọ “wọ́wé”, ẹ jẹ́ kí Ìjẹ̀ṣà tó dàgbà sóko sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ará Èkó ló pọ̀ jù nínú yín.

Ó ku bí a ó ṣe kọ ọ́: ìkóraró, àbí ìkóra-ró? Èmi ò fẹ́ ìlà kúkúrú àárín yẹn rárá.