Gìtá yẹn kò tíì dé nígbà náà

Èmi ni wọ́n ní kí n wá orin sí fíìmù ìfẹ́ kan tí ìtàn rẹ̀ wáyé n'Íbàdàn lọ́dún 1958. Ọmọge aránṣọ ní Òkè-Àdó, akọ̀wé tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kòkó. Mo ṣa orin jùjú mẹ́jọ, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ wò ó, bàbá ìyàwó mi wà níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ń sá òjò sábẹ́ òrùlé kan, Bàbá gbórí sókè: "Ọmọ mi, gìtá wo ló ń fà bí ẹni ń sunkún yẹn? Ní 58? Kò tíì dé nígbà náà."

Òótọ́ ni. Gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀, King Sunny Adé ló mú un wọnú jùjú, àwọn ọdún 1970 sí 1979 sì ti ń lọ sópin kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ni mo fi ṣáájú ìtàn. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́, mo kọ ọdún síwájú gbogbo orin. I.K. Dáíró ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní 1957, ó bọ́ sí i. Ebenezer Obey, ó di 1964. Fújì? Rárá o. Ẹ wá wo àwọn tó kù: Bobby Benson, Victor Ọláìyá, Haruna Ìṣọ̀lá pẹ̀lú àpàlà, Yusuf Ọlátúnjí pẹ̀lú sákárà, Àyìndé Bákàrè nídìí jùjú. Kí lèèyàn tún ń wá?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló gbà wá lákòókò. Orin kan, ẹ̀tọ́ méjì: ti ẹni tó dá orin, àti ti ẹni tó gbà á sínú àwo. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 2022, ti àwo jẹ́ ọdún 50 lẹ́yìn tó jáde, ṣùgbọ́n ti ẹni tó dá orin di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ọmọ olórin tá a fẹ́ lò ti fọ́n káàkiri, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i kì í gbé fóònù.

A bá kúkú ṣe tiwa. Gìtá kan, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agídìgbo. Maikirofóònù kan ṣoṣo láàárín yàrá, ẹní lára ògiri, onígángan sún sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá gbọ́ ọ, ó ní: "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wá láti ojúlé kejì. Ta ló ní asọ̀rọ̀mágbèsì nínú wa?"

A gbé e lọ sójúlé kejì. Ọmọge ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé, orin ń wọlé lójú fèrèsé, ó ń fi imú kọ ọ́. Ìran tí mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù náà nìyẹn.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Fíìmù tí èmi náà wá orin sí jẹ́ ìtàn ààfin, ayé ogun. Dùùrù òyìnbó ni wọ́n fi síbi tí ọmọge ti ń lọ sílé ọkọ, mo ní mi ò gbà. Mo gba Ìṣẹ́yìn lọ, mo rí ìyá àgbà kan tó ṣì mọ ẹkún ìyàwó. Kò sí ìlù kankan. Màmá di ìborùn wọn mú, wọ́n ń sun ún. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìyàwó ti ń dágbére fún ìyá rẹ̀, òṣèré wa bú sẹ́kún, kámẹ́rà ń lọ. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Mo fi gángan sábẹ́ ìran ìfẹ́ nínú fíìmù kan torí pé ó rọ̀ létí. Ìyá mi ní kí n pa á kíá: olóògbé ni ìlù ń kì! Mo wá àyàn kan lọ. Ó bi mí pé kí lorúkọ ọmọge inú fíìmù. Mo ní Àṣàkẹ́. Ó fi gángan pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́ẹ́jẹ́, a ò sì wá orin mìíràn mọ́.