Kúkà gáàsì tí Màmá mi fi owó Údójì rà: báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́?

Àbẹ̀ní, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí ìjọba san owó Údójì, ìyẹn àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, lọ́dún 1975, àwọn kan fi tiwọn ra alùpùpù, àwọn kan ra tẹlifíṣọ̀n. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, n'Ágodi, nígbà náà. Kúkà gáàsì ni wọ́n fi tiwọn rà: ojú iná mẹ́rin lórí, ófùnù nísàlẹ̀, tánganran funfun láti òkè délẹ̀. Orí kúkà yìí ni wọ́n ti se oúnjẹ tí àwa ọmọ márùn-ún jẹ tí a fi dàgbà. Nígbà tí gáàsì wá di ọ̀wọ́n gógó, wọ́n padà sídìí sítóòfù karosíìnì, kúkà sì di ibi tí a ń to ìkòkò lé. Ó ti lé lógún ọdún tí iná ti jó lórí rẹ̀ kẹ́yìn. Màmá dágbére fáyé lọ́dún tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Mo ní kò ní ṣeé ṣe. Mo ti gbé e wá sílé mi ní Bódìjà. Mi ò fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ o, mo fẹ́ máa fi se oúnjẹ lójoojúmọ́ ni.

Ibi tó ti ta kókó rèé. Ọ̀rá ti gan mọ́ ọn lára, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oje igi. Tí mo bá fi èékánná ha á, ńṣe ló ń ká sábẹ́ èékánná mi bí ìda. Tánganran ti bó ní igun kan, kò ju àtàǹpàkò lọ, ìpàta sì ti ń jẹ ibẹ̀. Mo so sìlíńdà mọ́ ọn lánàá, mo tan án wò: ojú iná méjì kò jó rárá, ìkẹta ń jó pupa, ó sì sọ ìdí ìkòkò mi di dúdú kirimú. Aládùúgbò kan ní kí n fi kànrìnkàn onírin ha á.

Ohun kan tún kù. Kókó tí a fi ń yí iná ófùnù, àwọn nọ́ǹbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́ tán. Àmì pupa kékeré kan ló kù síbẹ̀, ó jọ kútẹ́ẹ̀sì. Ṣé kí n fi ohun tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì nù ún dànù ni?

Bàbá Onígáàsì, Ṣágámù

Ọmọ mi, o káre tí o kò tà á. Ṣùgbọ́n má tan kúkà yẹn mọ́ títí wàá fi ka ọ̀rọ̀ mi tán.

Rọ́bà gáàsì ni ká kọ́kọ́ sọ. Èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ayé Màmá, gé e dànù. Ra tuntun, ra rẹ́gúlétọ̀ tuntun, kí o sì fi kílíìpù irin dè é ní ojú méjèèjì. Lẹ́yìn náà, po ọṣẹ mọ́ omi kó hó dáadáa, ṣí sìlíńdà láìtanná, kí o wá máa fi fóòmù kan omi ọṣẹ náà sí gbogbo oríkèé. Ibi tó bá ń hó bí ẹnu alákàn, ibẹ̀ ló ń jò. Má fi ìṣáná wá ibi tó ń jò láéláé. Gáàsì inú sìlíńdà wúwo ju atẹ́gùn lọ; tó bá jò, ilẹ̀ ló ń rọ̀gún sí, èèyàn lè ṣí fèrèsé òkè kó máa rò pé ó ti jáde. Ilẹ̀kùn ni kí o ṣí gbayawu.

Iná pupa túmọ̀ sí pé atẹ́gùn tó ń dàpọ̀ mọ́ gáàsì kò tó. Iná tó dà bí aró ni à ń wá. Yọ àwọn bọ́nà, rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí o sì fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò etí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má lo igi ìṣáná, á kán sínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò kékeré tí gáàsì ti ń jáde nísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ o. Tó bá fẹ̀ sí i bíńtín, iná rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. Yọ ọ́, rẹ ẹ́, fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Àwọn ojú iná méjì tí kò jó yẹn, wo inú páìpù wọn. Ohun tó bá wà nílẹ̀ fún ogún ọdún, agbọ́n á ti mọlé síbẹ̀.

Àdùkẹ́, Ìkòròdú

Èmi o, kọ́sítíìkì sódà ni mo fi fọ tèmi. Mo dà á sínú omi gbígbóná, mo kó gbogbo rẹ̀ sí i, ọ̀rá yẹn sì ṣí kúrò bí ẹní bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyá Oníkéèkì, Abẹ́òkúta

Àdùkẹ́, ẹ dákun, ẹ má fi ìyẹn kọ́ ọmọlọ́mọ. Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù ni, orí bọ́nà tó pọ̀ nínú kúkà ìgbà yẹn sì rèé, alumíníọ̀mù ni. Á hó, á dúdú, á tán lọ. Ká má tilẹ̀ sọ ti ojú àti awọ ara. Àwa tí màmá wa ń se ọṣẹ mọ ohun tó lè ṣe.

Àbẹ̀ní, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nípa tánganran ni pé kì í ṣe ọ̀dà. Gíláàsì tí wọ́n lọ̀ kúnná ni, wọ́n wá yọ́ ọ mọ́ irin lára nínú iná tó gbóná tó bíi 800 sẹ́ńtígíréèdì. Ìdí nìyẹn tó fi lè pẹ́ tó àádọ́ta ọdún kó ṣì máa dán. Ìdí náà nìyẹn tí kànrìnkàn onírin fi ń bà á jẹ́: ó ń ha á wínníwínní, ìdọ̀tí á wá rí ibi dì mú, lẹ́yìn ìyẹn kò ní mọ́ mọ́. Má sì da omi tútù sí i nígbà tó bá ṣì gbóná, bí gíláàsì ló ṣe máa ń sán.

Bí mo ṣe ń fọ tèmi rèé. Mo máa ń po béékìn sódà pọ̀ mọ́ omi díẹ̀ kó ki bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, mà á fi ọwọ́ kùn ún sí gbogbo ibi tí ọ̀rá wà, mà á da aṣọ tútù bò ó kó má baà gbẹ, ó di àárọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, mà á fi etí ṣíbí onígi tì í. Ọ̀rá yẹn á máa ká wálẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Ibi tó bá ṣì dì mọ́ ọn, kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, má bínú sí i. Tèmi gbà tó alẹ́ mẹ́ta. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà ńkọ́? Tánganran àtijọ́ míì kò gba ohun kíkan, dídán rẹ̀ á kú. Mi ò lò ó.

Irin tí ìkòkò ń jókòó lé, fọ̀ ọ́, gbẹ ẹ́ lórí iná lójú ẹsẹ̀, kí o fi epo ẹ̀pà bíńtín nù ún.

Àmì pupa yẹn, jọ̀wọ́, má fọwọ́ kàn án! Àwa tó ń fi irú kúkà yìí ṣe kéèkì mọ̀ pé nọ́ǹbà rẹ̀ máa ń pa rẹ́, ńṣe la máa ń sàmì sí ibi tí a ń lò jù. Ṣé Màmá máa ń ṣe kéèkì? Wá tẹmómítà ófùnù, gbé e sí àárín, yí kókó náà dé ojú àmì pupa, kí o dúró fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Mo fura pé 180 ni yóò wí, ìyẹn ohun tí ìwé kéèkì òyìnbó ń pè ní nọ́ǹbà 4.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìmọ̀ràn. Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn ófùnù náà dáadáa. Tí okùn funfun kan tó rí bí òwú bá yí i ká, ó lè jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, nítorí ohun tí wọ́n ń lò nígbà yẹn nìyẹn. Ẹ má fà á tu, ẹ má ha á, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ekuru rẹ̀ ló burú, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Tí kò bá já, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ń já, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ra kúkà náà, àbí wọ́n gbé e wọlé láti ọ̀dọ̀ọ wa níbí? Èyí tí àwọn òbí mi gbé lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kò fi ìgbà kankan jó dáadáa. Láàárín 1967 sí 1977 ni wọ́n yí gbogbo ilé níbí kúrò lórí gáàsì tí wọ́n ń fi èédú ṣe bọ́ sórí gáàsì abẹ́ òkun. Jẹ́ẹ̀tì ti méjèèjì fẹ̀ ju ti sìlíńdà lọ.

Bàbá Onígáàsì, Ṣágámù

Òótọ́ ni Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ. Tí jẹ́ẹ̀tì bá fẹ̀ jù, iná á ga, á pupa, á máa fín. Pípààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ló ń tún un ṣe, kò sí oògùn míì.

Ibi tó bó yẹn, fi sáńpépà kíkúnná yọ ìpàta rẹ̀, kí o fi ọ̀dà tó ń gba ooru kùn ún tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ìta ni. Tí kókó kan bá le, má fi epo ẹ̀pà sí i, gírísì tó ń gba ooru ló wà fún un, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú sì bá ọ tú u.

Àbẹ̀ní, Ìbàdàn

Ẹ kú àdúrótì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe é.

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo pààrọ̀ rọ́bà àti rẹ́gúlétọ̀, omi ọṣẹ kò hó níbì kankan. Ilé agbọ́n wà nínú páìpù àwọn ojú iná méjèèjì! Amọ̀ gbígbẹ, ó tóbi tó ẹyọ ẹ̀pà mẹ́ta. Ọmọ iṣẹ́ tí mo pè fi wáyà rírọ̀ kó o jáde, ojú iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti ń jó bí aró báyìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti rà á, ti sìlíńdà ni jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Okùn ẹnu ilẹ̀kùn kò já, mo fi sílẹ̀.

Béékìn sódà gba alẹ́ mẹ́rin. Ní alẹ́ kẹta ni funfun tánganran jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ófùnù, mo sì jókòó sílẹ̀ mo ń fi aṣọ nù ún títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí mi ò rí i funfun bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní pámárì.

Ìyá Oníkéèkì, mo yá tẹmómítà. Ojú àmì pupa, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n: 180 gẹ́lẹ́.

Mo ya fọ́tò àmì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní kútẹ́ẹ̀sì òun ni, pé Màmá gbà á lọ́wọ́ òun nígbà tí a fẹ́ ṣe kéèkì Kérésì lọ́dún kan, òun sì wá a títí kí òun tó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Kò mẹ́nu kan irin àlòkù mọ́. Ó ní kí n ra bọ́tà sílẹ̀, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.