Báwo la ṣe máa bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ láì tú àṣírí ọmọ yìí?

Ẹ jọ̀ọ́ o, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwa mẹ́rin la kóra jọ ní Kabba, à ń ra ìwé àti yúnifọ́ọ̀mù fáwọn ọmọ tí HIV wà nílé wọn. Ọmọ ọdún 9 kan wà lábúlé kan lọ́nà Ìsánlú, ìyá ìyá ẹ̀ ló ń tọ́ ọ, ó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, ara ẹ̀ sì le, àmọ́ ẹnìkan ti ń sọ ọ́ kiri pé ó ní HIV, ní báyìí ife tiẹ̀ ti yàtọ̀ nílé ìwé, wọ́n fi téèpù pupa wé ọwọ́ ife náà. Mo fojú ara mi rí ife yẹn, mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

A ti fi òfin 2014 tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ẹni tó ní HIV sọ́tọ̀ han hẹ́dímásítà, ó ní àwọn òbí ló ń halẹ̀ pé àwọn á kó ọmọ àwọn kúrò. Nọ́ọ̀sì tá a mú lọ ṣàlàyé pé mímu omi nínú ife kan náà ò lè kó o ràn wọ́n, ṣe ni wọ́n ń bi í pé ọmọ ta ni. Ìpàdé àwọn òbí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ tójú gbogbo wọn ò fi padà sára ọmọ kan ṣoṣo yẹn?